Kí Ni Ẹ Ń Kà Lọ́wọ́?

Ní ọdún 2022, nígbà tí àwa olùkọ́ yunifásítì ìjọba wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì tí ó gba nǹkan bí oṣù mẹ́jọ, àwa mẹ́fà kan máa ń pàdé ní ìrọ̀lẹ́ ní ilé ọ̀kan nínú wa. Owó oṣù kò wọlé, ọ̀rọ̀ ìjọba sì ti sú wa í sọ. Ní ọjọ́ kan, bàbá tí wọ́n dàgbà jù nínú wa, tí wọ́n jẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ, ṣàdédé bèèrè pé, "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí á fi ọ̀rọ̀ owó sílẹ̀. Kí ni kálukú ń kà lọ́wọ́? Èwo ló ń dùn mọ́ yín?" Ọ̀kan dárúkọ ìtàn ìgbésí ayé Mandela. Òmíràn dárúkọ ìwé kan tí ará Amẹ́ríkà kọ lórí bí ènìyàn ṣe lè di olówó, gbogbo wa sì rẹ́rìn-ín, nítorí ẹni tó ní owó ọkọ̀ nínú wa lọ́jọ́ náà kò tó méjì. Ọ̀kan dárúkọ ìwé Chimamanda Adichie. Nígbà tí ó kàn mí, èmi ọ̀mọ̀wé nínú èdè Yorùbá, èmi tí mo ti fi ohun tí ó lé ní ogún ọdún jẹun lórí èdè yìí, mo dárúkọ ìwé Gẹ̀ẹ́sì kan tí mo ti kà dé ìdajì ní ọdún méjì ṣáájú, tí n kò sì padà sí mọ́. Wọ́n mi orí. Ó dùn létí wọn.

Inú àpò tí mo gbé sí ẹ̀gbẹ́ àga mi ni Rẹ́rẹ́ Rún wà, eré onítàn tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ, tí ó jáde ní 1973. Ẹ̀yìn ìwé náà ti já, okùn rọ́bà ni mo fi so ó pọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kà á láàárín oṣù náà. Ẹni tí ó bá mọ eré yìí yóò mọ ìdí tí mo fi ń gbé e kiri ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn tó gbà wọ́n síṣẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ Láwúwo, olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, tí àwọn alágbára gba ẹ̀bùrú yọ sí, tí ohun gbogbo fi dàrú mọ́ ọn lọ́wọ́, tí orí rẹ̀ pàápàá sì dàrú níkẹyìn. Ohun tí àwa mẹ́fà ń fi ìrọ̀lẹ́ gbogbo jiyàn lé lórí, bóyá kí ẹgbẹ́ dúró gbọn-in ni tàbí kí ó gba èyí tí wọ́n fi lọ̀ ọ́, àti bí ebi inú ilé ṣe ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn tó yẹ kí wọ́n jọ máa jà, Òkédìjí ti gbé e kalẹ̀ ní ọdún 49 ṣáájú. Bí ìwé kan bá wà tí ó yẹ kí a kà sí etí ara wa ní ìrọ̀lẹ́ náà, òun ni. Ńṣe ni mo fi ẹsẹ̀ ti àpò náà sábẹ́ àga.

Mo ti bi ara mi léèrè lọ́pọ̀ ìgbà pé kí ló dé tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdáhùn tí ó wá sí mi lọ́kàn kò dùn ún sọ, ṣùgbọ́n n kò ní fi í pamọ́. Ojú ló tì mí. Mo rò pé bí mo bá dárúkọ ìwé Yorùbá, wọn yóò ní iṣẹ́ mi ni mò ń ṣe, pé n kì í ṣe ẹni tí ó ń kàwé fún ìgbádùn. Bí dókítà bá ní ìwé lórí àìsàn ibà ni òun ń kà, ta ni yóò gbà pé ó ń najú? Èrò yìí, pé ìwé Yorùbá kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń kà nítorí pé ó dùn, pé iṣẹ́ tàbí ìdánwò ló ń lé ènìyàn dé ìdí rẹ̀, ti jẹ wọ inú egungun èmi tí mò ń jẹun lára rẹ̀. Bí ó bá rí báyìí fún mi, kí ni kí a ti wí nípa amòfin, oníṣirò owó àti ọ̀gá ilé ìfowópamọ́?

Mo mọ̀ pé ohun tí mo fẹ́ sọ yóò bí àwọn kan nínú. À ń pariwo pé èdè Yorùbá ń kú lọ, pé àwọn ọmọ kò sọ ọ́ mọ́, pé ìjọba kò náání rẹ̀. Àwa tí a kàwé la ń pariwo náà jù. Àwa yìí kan náà ni a ń ka ìwé Yorùbá, bí a bá tilẹ̀ ń kà á, bí ẹni tí ń jí ẹran inú ìkòkò jẹ. A óò kà á tán, a óò nu ẹnu, a óò wá jókòó láàárín àwọn ẹgbẹ́ wa kí a máa sọ̀rọ̀ ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní London. Ilé ni Yorùbá ní a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Àwa ń kó tiwa pamọ́ sílé, a ń yá ti ẹlòmíràn wọ̀ jáde. Ìwé tí ẹni tó kà á kò bá dárúkọ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, báwo ni yóò ṣe dé ọwọ́ ẹlòmíràn? Ilé ìtẹ̀wé lè polówó títí, kò lè pé bí ìgbà tí ọ̀rẹ́ ẹni bá wí pé, "Mo ka ohun kan lánàá, n kò lè sùn."

Kò rí báyìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní 1929, ìwé ìròyìn Akéde Èkó, tí I. B. Thomas jẹ́ olóòtú rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn lẹ́tà kan jáde. Ẹni tí ó fara hàn bí ẹni tó kọ wọ́n ni ìyá àgbàlagbà kan tó pe ara rẹ̀ ní Ṣẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, tí àìsàn ti dá dùbúlẹ̀, tí ó sì ń ròyìn bí òun ṣe fi ẹwà àti ìgbà èwe òun ṣòfò lọ́dọ̀ ọkùnrin kan dé òmíràn ní Èkó. Thomas fúnra rẹ̀ ni ó ń kọ ọ́. Àwọn lẹ́tà náà ń jáde títí wọ inú 1930, wọ́n sì di ìwé ní ọdún náà. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló kà á sí ìwé ìtàn àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́, àríyànjiyàn sì ń lọ lórí ìyẹn. Ní tèmi, ọ̀rọ̀ ipò kìíní kì í ṣe ohun tó wù mí jù níbẹ̀. Ohun tó wù mí ni pé àwọn tó ń kà á kò panu mọ́. Wọ́n ń kọ̀wé sí olóòtú. Àwọn kan gbà pé obìnrin náà wà láàyè lóòótọ́, àánú rẹ̀ sì ṣe wọ́n. Kò sí olùkọ́ kankan tó ní kí wọ́n to kókó-ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀ yìí bá ti jáde, ọ̀rọ̀ ti dé ilẹ̀ nìyẹn, ìwé ìròyìn kan náà ni wọ́n sì ń gbà sọ ọ́ fún ara wọn.

Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn tí lẹ́tà Ṣẹ̀gilọlá bẹ̀rẹ̀ ni Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde, ní 1938. Ẹ tún ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà wò. Àkàrà-oògùn wá bá akọ̀wé kan pé kí ó mú ìwé àti kálàmù, kí ó kọ ìtàn òun sílẹ̀. Fágúnwà ì bá fi àwọn méjì sílẹ̀ níbẹ̀ kí wọ́n máa bá iṣẹ́ wọn lọ. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ìtàn ti ń lọ láti ọjọ́ kan dé èkejì ni àwọn ènìyàn ń gbọ́, tí wọ́n sì ń wá, tí ilé fi kún fún èrò. Ẹni tó bá rò pé nǹkan ìkọ̀kọ̀ ni ìwé kíkà láàárín Yorùbá, kí ó padà lọ ka ibẹ̀.

Mo dárúkọ Fágúnwà, ó sì yẹ kí n ṣọ́ra, nítorí pé orúkọ yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń lò bí aṣọ ìbora. Ẹ bi ọ̀mọ̀wé kan léèrè bóyá ó ń ka ìwé Yorùbá. Ojú rẹ̀ yóò tàn: "Áà! Fágúnwà!" Ẹ bi í pé ìgbà wo ló kà á gbẹ̀yìn. Ní fọ́ọ̀mù tú. Ẹ bi í pé èwo ló tún kà lẹ́yìn rẹ̀. Yóò wo aago. Ọdún 1963 ni Fágúnwà di olóògbé. Kò sí ẹni tó bọ̀wọ̀ fún un jù mí lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi orúkọ rẹ̀ pa ìbéèrè lẹ́nu mọ́ kò bọ̀wọ̀ fún un. Ó sọ ọ́ di ère tí a gbé sí ẹnu ọ̀nà kí a má baà wọ inú ilé. Nínú ilé náà sì nìyí: Kúyẹ̀ ti Ọdúnjọ, tí ó jáde ní 1964, Kékeré Ẹkùn ti Ọlábímtán, ní 1967, Ọmọ Olókùn Ẹṣin ti Adébáyọ̀ Fálétí, ní 1969, Ogún Ọmọdé ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá, ní 1990. Mélòó nínú wọn ni ẹ gbọ́ kí ẹnìkan dárúkọ lẹ́nu ọdún yìí níbi tí kì í ṣe kíláàsì?

Ọ̀rọ̀ kíláàsì yìí ni gbòǹgbò àrùn náà, àwa olùkọ́ la sì gbìn ín. A óò gbé Ó Le Kú fún ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ìwé ìfẹ́, ìwé tí ó yẹ kí ó máa kà sábẹ́ aṣọ ìbora títí iná yóò fi lọ. A óò wá ní kí ó to kókó-ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, kí ó ṣàlàyé àwọn ẹ̀dá-ìtàn, kí ó yọ àkànlò-èdè ibẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí ń tu ìyẹ́ àkùkọ. Àkùkọ tí a ti tu níyẹ̀ẹ́ tán kì í kọ mọ́. Àwọn mìíràn nínú wọn kì í tilẹ̀ rí ìwé náà sójú. Ìwé pẹlẹbẹ tí ó ti dáhùn ìbéèrè sílẹ̀ ni wọ́n ń rà. Ọjọ́ tí ìdánwò bá parí ni ìwé parí. Àwọn ilé ìtẹ̀wé náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ni wọ́n fi ń tún èyí tó wà nínú ìlànà ẹ̀kọ́ tẹ̀, tí èyí tí kò sí níbẹ̀ sì ń di àwátì.

Tiwa ní yunifásítì tilẹ̀ tún le ju ìyẹn lọ. Gbogbo òṣùwọ̀n la ti fi wọn ìwé Òkédìjí: tíọ́rì ìfojú-ìhun-wò, tíọ́rì Marx, tíọ́rì abo. Mo wà lára àwọn tó ṣe é, mo sì gba ìgbéga lórí rẹ̀. N kò ní kí a má ṣe é mọ́. Ṣùgbọ́n mo ti tú àwọn àpilẹ̀kọ tèmi wò láti òkè dé ilẹ̀, n kò rí gbólóhùn kan ṣoṣo níbi tí mo ti sọ pé mo rẹ́rìn-ín. Mo sì rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mò ń ka Àgbàlagbà Akàn, mo rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí ìyàwó mi fi wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi nínú yàrá. Lápàdé, ọlọ́pàá tó ti fi iṣẹ́ ọba sílẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò lè rí ọ̀daràn kí ó mójú kúrò, jẹ́ ẹni tí mo mọ̀ ju àwọn kan lọ nínú ẹbí mi. Inú Àjà Ló Lẹrù, tí ó jáde ní 1969, la ti kọ́kọ́ bá a pàdé; Àgbàlagbà Akàn tẹ̀lé e ní 1971. Ẹnikẹ́ni tó bá rò pé èdè Yorùbá wúwo, pé kò lè sáré lójú ìwé, kí ó lọ wo bí Òkédìjí ṣe ń fi ìjà, ẹ̀fẹ̀ àti òwe lé ara wọn. Kí ló dé tí mo fi ojú ìwé mẹ́rìnlélógún kọ nípa ọnà-èdè inú ìwé náà, tí n kò sì sọ fún aládùúgbò mi pé ó dùn? Ohun kan ṣoṣo tí aládùúgbò ẹni máa ń fẹ́ mọ̀ nípa ìwé nìyẹn.

Mo gbọ́ àwíjàre. Wọ́n ní àwọn ìwé wọ̀nyí kò sí lórí àtẹ mọ́. Òótọ́ ni fún ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ta ló béèrè wọn lọ́wọ́ òǹtàwé gbẹ̀yìn? Ẹni tí ń tajà kì í kó ohun tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè kalẹ̀. Wọ́n ní kò sí ẹni tó ń kọ tuntun. Bí mo bá jẹ́ òǹkọ̀wé, tí mo fi ọdún mẹ́ta kọ̀wé, tí àwọn tó kà á kò sì lè dárúkọ rẹ̀ láwùjọ, èmi náà yóò wá iṣẹ́ mìíràn ṣe.

Wọ́n tún ní àmì ohùn ń dààmú ojú, pé Gẹ̀ẹ́sì rọrùn láti kà. Èyí máa ń bí mi nínú, nítorí ìyá mi. Wọn kò kọjá ìwé mẹ́fà. Bíbélì Yorùbá, tí odindi rẹ̀ ti wà ní èdè wa láti 1884, ni wọ́n ń kà láràárọ̀, wọ́n sì ń kà á já gaara. Bí wọ́n bá rí ẹsẹ kan tó wú wọn lórí, kí oòrùn tó mú, àwọn ìyá mẹ́ta ti gbọ́ ọ láti orí ògiri, ọ̀kan nínú wọn yóò sì ti ní òun kò gbà pé bẹ́ẹ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Bákan náà ni Atọ́ka, ìwé eré aláwòrán tí àwọn ẹgbẹ́ òṣèré máa ń kópa nínú rẹ̀. Ní ìgbà èwe mi, ẹ̀dà kan lè ti ọwọ́ ẹni mẹ́wàá kọjá ní àdúgbò wa. Àǹtí mi kan máa ń kọ orúkọ àwọn tí yóò kàn sí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹni tó bá sì já orúkọ ẹlòmíràn fò, ìjà dé. Àwọn wọ̀nyí kò lọ sí yunifásítì. Àwa tí a lọ, tí a mọ ìtàn àkọtọ́ láti ìgbà Crowther, àwa ni àmì ohùn ń dààmú.

Àwíjàre kan wà tí mo ka sí díẹ̀: pé ìgbéraga ni kí ènìyàn máa ka orúkọ ìwé tó ń kà fáyé gbọ́. Mo ti rí irú ìgbéraga bẹ́ẹ̀. Mo ti wọ yàrá àlejò tí wọ́n to ìwé sẹ́yìn gíláàsì, tí ọwọ́ kò kàn án láti ìgbà tí wọ́n ti rà á. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì ló máa ń wà níbẹ̀. Ẹni tí ń gbéraga kì í fi ìwé Yorùbá ṣe é, nítorí náà kí àwọn tí ìgbéraga ń bà lẹ́rù fi ọkàn balẹ̀. Obìnrin tó bá rí ẹni tó ń ta àmàlà tó dùn kì í dákẹ́, kò sì sí ẹni tó ń pè é ní agbéraga.

Fíìmù kò sì ní ìṣòro yìí. Ìṣọ̀lá gbé Ó Le Kú jáde ní 1974. Ní 1997 Túndé Kèlání sọ ọ́ di fíìmù, ẹnu sì gbé e káàkiri: ṣé o ti rí i? Wá wò ó nílé wa! Àwọn obìnrin dá ìró kékeré inú rẹ̀ padà sójú ọpọ́n, wọ́n sì ń fi orúkọ rẹ̀ pe aṣọ náà títí di òní. Ọdún 23 ni ìwé fi ṣáájú fíìmù. Mo ti bá ẹni tó wọ aṣọ náà sọ̀rọ̀, ìyàwó ọ̀jọ̀gbọ́n, tí kò mọ̀ pé ìwé kan wà nídìí rẹ̀. N kò bá a wí. Ọkọ rẹ̀ ni mo bá wí, nítorí ìwé náà wà nílé wọn.

Láti ìgbà ìyanṣẹ́lódì náà ni mo ti yí ohun kan padà nínú kíláàsì mi. Kí n tó kọ ohunkóhun sójú pátákó, màá bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń kà lọ́wọ́, èwo ló ń dùn mọ́ wọn, èwo ni kò dùn. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ kan nàwọ́ sókè: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ó máa jáde nínú ìdánwò?" N kò rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ mi ló ti kọ́ ọ. Fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ohun tí wọ́n rò pé mo fẹ́ gbọ́ ni wọ́n ń sọ. Gbogbo wọn ló ń ka Fágúnwà.

Ọmọbìnrin kan ló ba ìṣọ̀kan náà jẹ́. Ó ní, "Ẹ má bínú sà, inú ń bí mi sí Àjàní inú Ó Le Kú. Obìnrin mẹ́ta ló ń dá lọ́kàn rú, ẹ̀yin olùkọ́ wa sì ń kọ́ wa pé ká káàánú rẹ̀." Èmi gan-an ni mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó wà nínú àkọsílẹ̀ tí mo pín fún wọn. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí. Mo gbèjà Àjàní, ó dá mi lóhùn. Mo tọ́ka sí ibì kan, ó tọ́ka sí ibòmíràn. Àwọn ọkùnrin ẹ̀yìn kíláàsì dá sí i, ó bi wọ́n bóyá wọ́n ti kà á, wọ́n dákẹ́. Àkókò wa kọjá, olùkọ́ tí ó kàn sì dúró lẹ́nu ọ̀nà tí ó ń wò wá. N kò gbà pẹ̀lú ọmọ náà títí di òní, ṣùgbọ́n mo lọ tún ìwé náà kà ní alẹ́ ọjọ́ yẹn, èyí tí n kò ṣe láti ọdún méje. Nígbà tí mo dé ilé ìkàwé ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ̀dà tó wà níbẹ̀ ti jáde. Àwọn ọkùnrin ẹ̀yìn kíláàsì ló yá a.

Ní nǹkan bí oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, mo bá bàbá onímọ̀ ẹ̀rọ pàdé níbi ìsìnkú kan. Mo jẹ́wọ́ fún wọn pé irọ́ ni mo pa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kìíní àná, mo sì sọ ohun tó wà nínú àpò náà àti ìdí tí mo fi ń gbé e kiri. Wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, "Ọ̀mọ̀wé, ìwé náà dà?" Mo gbé e lọ fún wọn ní ọjọ́ kejì pẹ̀lú okùn rọ́bà rẹ̀. Ó wà lọ́dọ̀ wọn títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Nígbà tí mo fi fóònù pè wọ́n pé mo nílò rẹ̀, wọ́n ní kí n ní sùúrù: ọwọ́ màmá ni ó wà báyìí, màmá sì ti kìlọ̀ fún gbogbo ilé pé kí ẹnikẹ́ni má sọ ìparí rẹ̀.